Àpapọ̀ èrè: iye tí ṣíà ilé mú wá gan-an lẹ́yìn ọdún gbọọrọ

Alhaja kan wà ní Tanke, níbí ní Ìlọrin, tó ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin létí títì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni oníbàárà àwọn tó ń tajà níbẹ̀. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní Amẹ́ríkà fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp: ìlà kan tó bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ ní 1994, tó sì ń gun òkè bọ̀ títí di òní. Ó ní ṣíà REIT ni, kí Màmá má wulẹ̀ kọ́ ṣọ́ọ̀bù karùn-ún mọ́, kí wọ́n fi owó rẹ̀ ra á. Alhaja gbé fóònù wá bá mi. "Ṣé ilé lèyí àbí bébà?"

Méjèèjì ni. REIT, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ríìtì, jẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ń ra ilé, tó ń gba owó ilé lọ́wọ́ ayálégbé, tó sì ń pín owó náà fún àwọn tó ra ṣíà rẹ̀, ìyẹn ìpín nínú ilé-iṣẹ́ náà. Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ ṣòfin rẹ̀ ní 1960, láyé Ààrẹ Eisenhower, kí ẹni tí apá rẹ̀ ò ká odindi ilé ìtajà lè ní ìwọ̀nba tirẹ̀ níbẹ̀. Lónìí, òfin ọ̀hún ní kí wọ́n pín ó kéré tán ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún èrè tí owó orí kàn. Ohun tí wọ́n bá ti pín, ilé-iṣẹ́ ò sanwó orí lé e mọ́. Àwa náà ní tiwa. Òfin Ìnáwó Nàìjíríà ọdún 2019 ní kí wọ́n pín ìdá 75 owó ilé tó wọlé láàárín oṣù méjìlá kí wọ́n tó lè rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀.

Èyí tí ọmọ Alhaja fi ránṣẹ́ ni Realty Income. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1969, ó wọ ọjà ṣíà New York ní 1994, oṣooṣù ló sì ń pín dífídẹ́ǹdì, ìyẹn owó tí onípìn-ín ń gbà. Ohun tó yẹ kí Alhaja kọ́kọ́ bi ọmọ rẹ̀ ni pé, kí gan-an ni ìlà yìí ń kà? Ṣé iye tí wọ́n ń ta ṣíà náà lọ́jà nìkan ni, àbí wọ́n ti ka dífídẹ́ǹdì mọ́ ọn? Tí wọ́n bá kà á mọ́ ọn, ṣé èyí tí èèyàn gbà tó sì ná ni, àbí èyí tó fi ra ṣíà míì? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àpapọ̀ èrè ti wọlé. Àpapọ̀ èrè ni ohun tí iye ṣíà fi gòkè, pẹ̀lú gbogbo dífídẹ́ǹdì, tí a bá gbà pé kọ́bọ̀ kan ò jáde, pé gbogbo rẹ̀ ló padà sínú ṣíà yẹn.

Ẹ jẹ́ ká fi náírà ṣe é. Ká ní ẹ ra ṣíà kan ní ₦100. Iye rẹ̀ ń fi ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i lọ́dọọdún, ó sì ń pín ìdá 5 iye tó jẹ́ níbẹ̀rẹ̀ ọdún. Lẹ́yìn ọdún 25, iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà á ti di ₦267. Ẹni tó bá wo ibẹ̀ nìkan á ní kò mà pọ̀ o, fún odindi ọdún 25. Àmọ́ dífídẹ́ǹdì ti ń wọlé ní gbogbo àsìkò yẹn: ₦5 lọ́dún àkọ́kọ́, ₦5.20 lọ́dún kejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó di ₦208. Ẹni tó ná tirẹ̀ sórí owó ìléèwé àti àgbò iléyá ti jẹ ₦475 lápapọ̀. Ẹnìkejì rẹ̀ tí kò fọwọ́ kàn án, tó ń fi gbogbo dífídẹ́ǹdì ra ṣíà sí i, tí àwọn ṣíà tuntun yẹn náà ń bí dífídẹ́ǹdì tiwọn, yóò ní ₦862.

₦267, ₦475, ₦862. Ṣíà kan náà ni gbogbo wọn. Kí n tó ṣàlàyé tán ni Alhaja ti rẹ́rìn-ín. Ó ní owó ilé ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ lòun tọ́jú tí òun fi kọ́ èkejì, nígbà tí bàbá wọn fẹ́ fi ra mọ́tò.

Ọ̀rọ̀ yìí le nínú REIT ju nínú ṣíà míì lọ. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe sìmẹ́ńtì lè tọ́jú èrè rẹ̀ pamọ́, kó fi kọ́ fáktírì mìíràn, kí iye ṣíà rẹ̀ máa fò sókè. Òfin ò jẹ́ kí REIT tọ́jú púpọ̀, nítorí náà iye rẹ̀ lọ́jà kì í sáré bẹ́ẹ̀. Nínú ìṣirò gbogbogbòò tí wọ́n ń ṣe fún àwọn REIT tó ni ilé ní Amẹ́ríkà láti 1972, àpapọ̀ èrè lé ní ìdá 11 lọ́dọọdún títí di 2019. Ó lé ní ìdajì rẹ̀ tó jẹ́ dífídẹ́ǹdì.

Ìdá 11 yẹn ò wá lọ́dọọdún bí òjò àkọ́rọ̀ o. Ẹni tó fi $100 wọlé sínú àwọn REIT yẹn ní ìbẹ̀rẹ̀ 2007 pàdánù bíi ìdá 16 lọ́dún yẹn. Ní 2008, tí ọ̀rọ̀ owó dojú rú lágbàáyé, nǹkan bí ìdá 38 ló tún lọ. Ó ku $52 àti díẹ̀, dífídẹ́ǹdì sì ti wà nínú rẹ̀ o. Ìdá 28 tó wọlé ní 2009 kàn gbé e dé $67 ni, torí pé orí $52 ló dúró sí tó fi ń gòkè. Ó di 2012 kí owó náà tó kọjá ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ìlà ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo nínú fóònù ò lè fi ọdún márùn-ún yẹn hàn yín. Mo sọ fún Alhaja pé oore tí ṣọ́ọ̀bù Tanke ṣe é ni pé kò sẹ́ni tó ń kígbe iye rẹ̀ ní ọjà Ìpàta láràárọ̀. Bí ẹnì kan bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, Alhaja ti lè tà á lọ́dún tí ọ̀wọ́n gógó mú.

Àwọn kan ò tilẹ̀ yè é bọ̀ geere. General Growth Properties, tó ni ilé ìtajà ńláńlá káàkiri Amẹ́ríkà, wọ ilé ẹjọ́ ní April 2009 pé gbèsè ti bo òun mọ́lẹ̀. Àwòrán irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́ lọmọ máa ń fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀.

Nílé ńkọ́? UPDC REIT wọ ọjà ṣíà Nàìjíríà ní 2013, ₦10 ni wọ́n ta ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìgbà náà, iye rẹ̀ lọ́jà ò tó ₦10 yẹn mọ́. Ó ń pín owó ilé, òótọ́ ni, àmọ́ ẹni tó fẹ́ mọ èrè rẹ̀ gbọ́dọ̀ yọ ohun tí ọ̀wọ́n gógó ọjà jẹ kúrò níbẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 2024, ìjọba ní ọ̀wọ́n gógó ti dé ìdá 34.8 lọ́dún. Ti dọ́là ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2014 dọ́là kan ò ju bíi ₦160 lọ. Ní 2024 ó ti kọjá ₦1,500. Ẹni tó sin dọ́là sábẹ́ ìrọ̀rí ti ní ìlọ́po mẹ́sàn-án ní náírà, láìní bíríkì kan. Ẹ má ka ìyẹn mọ́ iṣẹ́ tí ilé ṣe.

Ìlọrin la wà, ẹ mọ̀ pé Alhaja á béèrè: ṣé kò sí ríbà, èlé tí Ìsìláàmù kọ̀, níbẹ̀? Oríṣi REIT kan ń yá àwọn tó fẹ́ ra ilé lówó, èlé ló sì ń jẹ. Èyí tó ni ilé ń gba owó ilé, àmọ́ òun náà ń yáwó ní báńkì, ayálégbé rẹ̀ míì sì lè máa ta ọtí. Èmi kì í ṣe àáfà. Mo ní kó gbé e lọ bá àáfà rẹ̀, kó má fi èyí tó ń yáni lówó àti èyí tó ni ilé ṣe ọ̀kan.

Kó tó dìde, ó ní kí n bá òun ṣírò àwọn ṣọ́ọ̀bù náà báyìí, kí òun lè mọ èyí tó sàn. Ó mú ìwé kan tó ti gbó jáde nínú báàgì. Gbogbo owó ilé tó ti gbà láti 2009 ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ayálégbé àti ọjọ́. Owó páànù tí ìjì ká ò sí níbẹ̀. Owó ájẹ́ǹtì ò sí, oṣù tí Kòrónà fi ti yunifásítì pa ní 2020 tí ṣọ́ọ̀bù méjì fi ṣófo náà ò sí. Ó ń gbìyànjú láti rántí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi ń kọ. A ṣì wà ní 2016 nígbà tí wọ́n pe ìrun Alásárì.