Ìbò tó ní kó máa lọ ló pọ̀ jù, síbẹ̀ Freddy Lim ò kúrò

Ìbéèrè: Lọ́jọ́ 9 oṣù kìíní ọdún 2022, àwọn ará Zhongzheng àti Wanhua nílùú Taipei, ní Taiwan, dìbò lórí Freddy Lim, aṣòfin wọn. 54,813 ní kó máa lọ, 43,340 ní kó dúró. Kí ló dé tó fi wà níbẹ̀?

Ìdáhùn: Òfin Taiwan fẹ́ nǹkan méjì pọ̀. Ìbò "máa lọ" gbọ́dọ̀ ju "dúró" lọ, ó sì gbọ́dọ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò lágbègbè náà, àtẹni tó jáde àtẹni tó jókòó sílé. 235,024 ni wọ́n. Ìdá mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ 58,756. Ìbò 3,943 péré ló kù kí wọ́n yọ ọ́.

Ìbéèrè: Ṣé kí alátìlẹ́yìn aṣòfin jókòó sílé ni?

Ìdáhùn: Rárá o! Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í nìyẹn. Tí àwọn tó fẹ́ yọ ọ́ bá ti kó ìdá mẹ́rin náà jọ, ìbò "dúró" nìkan ló lè gbà á sílẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, 77,899 dìbò pé kí Chen Po-wei, aṣòfin láti ìlú Taichung, máa lọ, 73,433 kọ̀. Ó kúrò nípò.

Ìbéèrè: Báwo ni wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ìbò láti yọ aṣòfin?

Ìdáhùn: Aṣòfin gbọ́dọ̀ ti lo ọdún kan nípò ná. Ìdá 1 nínú 100 olùdìbò agbègbè rẹ̀ á kọ́kọ́ fọwọ́ síwèé, lẹ́yìn náà ìdá 10 nínú 100, láàárín 60 ọjọ́. Ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà. Ẹni tó kó lọ sílé tuntun tó sì kọ àdírẹ́sì ibẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ilé àtijọ́ ló ṣì wà nínú ìwé ìjọba, wọ́n á da tiẹ̀ nù. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe fi ń gbà ju iye tí òfin sọ lọ.

Ìbéèrè: Ta tiẹ̀ ni Lim?

Ìdáhùn: Akọrin ẹgbẹ́ Chthonic ni, àwọn tó ń kọ heavy metal, orin gìtá tó ń pariwo. Ọdún 2016 ló wọlé lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú New Power Party. Ó kúrò níbẹ̀ ní 2019, ó sì dá dúró wọlé ní 2020. Tí ìbò bẹ́ẹ̀ bá ti kùnà, wọn ò lè tún un ṣe fún ẹni náà ní sáà kan náà, nítorí náà ó lo sáà rẹ̀ tán.