Ọ̀tá-àkàrà: ibi tí jẹ́lé-ó-sinmi ti ṣẹ̀ wá

Mi ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rin tí mo ti ń tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n mi lọ sílé ìwé. Wọn kò forúkọ mi sílẹ̀ níbì kankan. Ìyá wa ti gbéra lọ sọ́jà, kò sì sẹ́ni tí wọ́n lè fi mí tì nílé, ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bá ń fà mí lọ́wọ́ lọ. Àkàrà mẹ́ta nínú ewé ni wọ́n máa ń dì fún mi. Kí a tó dé ẹnu ọgbà, ewé nìkan ló máa ń ṣẹ́ kù. Abẹ́ igi ọ̀dán kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíláàsì àwọn ọmọ kékeré ni wọ́n ń kó èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi sí, orúkọ tí gbogbo ìlú sì mọ̀ wá mọ́ ni ọ̀tá-àkàrà.

Ẹni tó sọ wá lórúkọ yẹn gbọ́ Yorùbá. Bí àkàrà bá lẹ́nu, ta ni ì bá pè ní ọ̀tá rẹ̀ bí kò ṣe ọmọ tó jẹ́ pé bó ṣe ń rí i ló ń pa á run? Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń ṣàlàyé pé èébú ni, pé oúnjẹ ló gbé wa dé ibẹ̀. Ẹni tí ìyá àgbà rẹ̀ kò bá fi orúkọ ẹ̀fẹ̀ pè rí ló lè rò bẹ́ẹ̀.

Orúkọ kejì, jẹ́lé-ó-sinmi, ni wọ́n ń kọ sára pátákó lónìí. Ẹ tú u wò: jẹ́ kí ilé ó sinmi. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé ariwo ọmọ ni ilé fẹ́ sinmi lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dára, ṣùgbọ́n nígbà tí Yorùbá bá ní "ilé ń kí ọ", ṣé ògiri ló ń kí ènìyàn ni? Àwọn tó wà nínú ilé ni ilé. Ìyá tó fẹ́ tajà wà níbẹ̀, ọmọbìnrin tó dàgbà díẹ̀, tí wọ́n máa ń fi ọmọ kékeré kọ́ lọ́rùn, náà wà níbẹ̀. Bí kì í bá ṣe ti abẹ́ igi ọ̀dán yẹn, ẹ̀gbọ́n mi ni wọn ì bá yọ kúrò nílé ìwé kó lè máa pọ̀n mí. Nítorí náà, tí wọ́n bá ń bi mí pé níbo ni ẹ̀kọ́ ọmọ kékeré tí kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ọ̀dọ̀ àwa ọ̀tá-àkàrà ni mo ń nàka sí.

Abẹ́ igi náà sì ní ìyá tó bí i: ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá àgbà. Ìyá tí kò lè rìn dóko mọ́ ló ń jókòó ti gbogbo ọmọ agboolé, ọmọ ìyálé, ọmọ ìyàwó, ọmọ àlejò, títí kan ọmọ ìwọ̀fà. Ẹnì kan ló ń bímọ, igba ènìyàn ló ń bá a wò ó, ìyá àgbà yìí sì ni olórí igba náà. Kò gba owó, kò béèrè ọjọ́ orí. Ó ń kọ́ wọn ní òǹkà, ìkíni, oríkì àti àlọ́.

Àlọ́ yẹn ni kí ẹ jẹ́ ká dúró lé lórí díẹ̀, nítorí mo gbà pé àwọn tó dá a sílẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ẹnì kan ń pa á, gbogbo ọmọ ń gbe orin. Ọmọ tí kò mọ orin ń pàtẹ́wọ́. Ọmọ tí kò ríran kò pàdánù nǹkan kan, etí ni wọ́n fi ń gbọ́ àlọ́. Èyí tí kò gbọ́ròó ń wo ojú àti ọwọ́ ìyá àgbà bó ṣe ń rìn bí Ìjàpá. Akólòlò kan wà nínú agboolé wa tí kò lè pe orúkọ ara rẹ̀ kí ó má dúró lẹ́ẹ̀mẹta, ṣùgbọ́n bí ègbè àlọ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, kedere ni ohùn rẹ̀ ń jáde, kò ní kólòlò lẹ́ẹ̀kan. Ó tún ku eré bojúbojú. Ẹnì kan ní láti jókòó kí ó fọwọ́ bo ojú ẹni tí yóò wá àwọn yòókù kiri. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e ló ni ìjókòó yẹn. Wọn kò ṣàánú rẹ̀ fi í síbẹ̀ o, òun gan-an ló ń pàṣẹ ìgbà tí a óò sá pamọ́.

Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀: ẹni òrìṣà. Ọbàtálá ló mọ ènìyàn; ọjọ́ tó mu ẹmu yó ni ọwọ́ rẹ̀ mọ abuké, arọ àti àfín, ni ó bá sọ wọ́n di tirẹ̀. Ẹni tó bá fi wọ́n ṣẹ̀sín, Òrìṣà ló ń fi ṣẹ̀sín. Mi ò sọ pé gbogbo ilé ló pa èyí mọ́. Àwọn kan gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pamọ́ sí yàrá ẹ̀yìn, mo mọ̀.

Ní ti àwọn tó máa ń sọ pé òyìnbó ló kó ẹ̀kọ́ ọmọ kékeré wá: bẹ́ẹ̀ ni, Robert Owen ṣí ilé ẹ̀kọ́ ọmọ wẹ́wẹ́ ní New Lanark ní Scotland ní 1816, Friedrich Froebel náà ṣe tirẹ̀ ní Jámánì ní 1837. Ó ti tó. Àwọn oníjọ Mẹ́tọ́díìsì dá ilé ìwé sílẹ̀ ní Badagry ní 1843, wọ́n pè é ní Nursery of the Infant Church, ṣùgbọ́n ẹ fetí sí orúkọ yẹn dáadáa: ìjọ ni ìkókó tí wọ́n fẹ́ tọ́. Ọmọ àwọn Sàró tó ti Sierra Leone padà wálé ló sì pọ̀ jù níbẹ̀.

Ọdún 1955 ni mo lè bọ̀wọ̀ fún. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún náà ni ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ọmọ 456,600 ló wà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1954. Nígbà tó di 1955, wọ́n di 811,432. Ọmọ àgbẹ̀ wọlé, ọmọbìnrin wọlé. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́fà ni ìlẹ̀kùn ṣí fún, ọ̀pọ̀ ilé ni kò sì ní ìwé ọjọ́ ìbí. Ohun tí àwọn olùkọ́ fi ń wọn ọjọ́ orí ni apá: wọ́n á ní kí o gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, kí o fi kan etí òsì. Bí kò bá kàn án, padà sílé. Ọmọ tí apá rẹ̀ gùn ń wọlé ní márùn-ún, ọmọ tí apá rẹ̀ kúrú ń dúró títí di méje. Ẹ ò rí i pé ibi tí ìdọ́gba ti gba ojú ilẹ̀kùn wọlé, ó fẹ́ máa gba ojú fèrèsé jáde? Àwọn tí apá wọn kò kàn án ni abẹ́ igi gbà.

Mi ò gbọdọ̀ fo Ilé-Ifẹ̀. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan nílé ẹ̀kọ́ St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́: Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, Gẹ̀ẹ́sì sì dá dúró gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kò rẹ̀yìn rárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Fún èmi, ìyẹn ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá àgbà tó wọ yunifásítì. Ọmọ tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nílé kò sí lẹ́yìn ẹnikẹ́ni mọ́.

Ìyókù kò gùn. Ìlànà ẹ̀kọ́ Nàìjíríà ti 1977 dárúkọ jẹ́lé-ó-sinmi, ó ní kí wọ́n fi èdè ilé kọ́ wọn, ó sì fi ọ̀pọ̀ iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún aládàáni. Ní 1994, àwọn aṣojú ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè péjọ sí Salamanca ní Spain, wọ́n ní kí ọmọ tó ní ìpèníjà ara máa bá àwọn yòókù jókòó ní kíláàsì kan náà, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ tuntun ni. Òfin ẹ̀kọ́ ti 2004 mú ọmọ kékeré wọ ilé ìwé ìjọba. Òfin àwọn tó ní ìpèníjà ara jáde ní 2019. Ìlànà tó ní kí wọ́n fi èdè abínibí kọ́ ọmọ nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé ní 2022, wọ́n sì fagi lé e ní oṣù Kọkànlá 2025.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo sin aládùúgbò mi kan àti ọmọ rẹ̀ lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi olówó ńlá kan. Wọ́n bi ọmọ ọdún mẹ́ta náà ní orúkọ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ó kúnlẹ̀ kí wọn ná, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ mà." Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò tíì ṣe tán.

Èmi náà ṣe ìdánwò tèmi, ti apá. Ọjọ́ tí ìka mi kan etí, olùkọ́ pàtẹ́wọ́, ẹ̀gbọ́n mi fò sókè, wọ́n mú mi wọ kíláàsì tó ní àga. Ẹkún ni mo sun dé ìparí ẹ̀kọ́, nítorí láti ojú fèrèsé, mo ń rí àwọn yòókù lábẹ́ igi, wọ́n ń jẹ àkàrà wọn lọ.