Bí ọgbà ìgbafẹ́ ṣe di ti tọmọdé-tàgbà

Ará Ìbàdàn tó bá fẹ́ kó ọmọ jáde lọ́jọ́ Iléyá mọ ibi tí yóò yà sí: ọgbà ẹranko Yunifásítì, Agodi, tàbí ọgbà eré Transwonderland lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ àtijọ́. Ìwòran la fi bẹ̀rẹ̀ ní tiwa. Nítorí ẹ̀kọ́ àti ìwádìí ni wọ́n ṣe kó ẹranko jọ sí Yunifásítì ní 1948. Agodi dé ní 1967, omíyalé Ògùnpa bà á jẹ́ ní 1980, kí wọ́n tó tún un ṣe. Bàbá àgbà àti ọmọ ọmọ rẹ̀ lè jọ dúró wo kìnnìún. Ẹ̀yìn ni ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn sókè sódò tó wọlé.

Lókè òkun, ìdẹ́rùbà ló ṣáájú. Àwọn ará Rọ́ṣíà a máa fi igi kọ́ òkè, wọ́n a da omi sí i kó dì, wọ́n a sì máa yọ̀ bọ̀ láti orí rẹ̀. Ní 1884, LaMarcus Thompson gbé roller coaster tirẹ̀, ọkọ̀ orí irin tó ń gun òkè tó sì ń já wálẹ̀, kalẹ̀ ní Coney Island, nílùú New York. Máìlì 6 péré ló ń sá ní wákàtí kan, síbẹ̀ èrò ń wọ́ tìrítìrí. Nígbà tí John Miller wá ṣe táyà irin tó ń di ojú irin mú láti ìsàlẹ̀, ọkọ̀ kò lè fò kúrò lójú irin mọ́, ni wọ́n bá ń mú un ga sí i, tó ń le sí i.

Níbo wá ni ti òbí tó kó ọmọ wá? Walt Disney, ará Amẹ́ríkà tó ń ṣe fíìmù ọmọdé, a máa mú àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì lọ gun ẹṣin onígi ní Griffith Park, ní Los Angeles. Òun á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, á máa jẹ ẹ̀pà. Ibẹ̀ ló ti rò ó pé ó yẹ kí ibì kan wà tí òbí àtọmọ yóò ti jọ ṣeré. Ó ṣí ọgbà ìgbafẹ́ Disneyland ní oṣù keje 1955, láìsí roller coaster ńlá kankan. 1959 ni Matterhorn, roller coaster rẹ̀ àkọ́kọ́, tó dé.

Six Flags Over Texas, ọgbà ìgbafẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tó ṣí ní 1961 fún àwọn tó ń gbé nítòsí, ló ṣe èyí tó wù mí jù. Ní 1963, wọ́n gbé ọkọ̀ tó dà bí ìtì igi sórí omi. Omi ń gbé e lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, á gun òkè díẹ̀díẹ̀, á dúró bí ẹni ń ronú, gbàrà! ó ti já wálẹ̀, omi ti ta sí gbogbo yín lára. Ẹ̀rù bani, kò sì pẹ́ tó fi di ẹ̀rín. Ìyá, ọmọ, àti ọ̀dọ́ tó lágídí jọ wà nínú ọkọ̀ kan náà. Kò pẹ́ tí àwọn ọgbà mìíràn fi ṣe irú rẹ̀.

Irú ẹ̀rọ agbedeméjì bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kó pọ̀ n'Ìbàdàn, torí agboolé la fi ń jáde níhìn-ín: ìyá àgbà pẹ̀lú kúlà ìrẹsì, ìkókó lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ọmọ ọdún 15 tó ń wá èyí tó le jù, àti ọmọ ọdún 6 tí wọ́n fi igi wọ̀n lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n ní kò tíì ga tó. Bí ọmọ yẹn bá bú sẹ́kún, tí kò sí nǹkan mìíràn nítòsí tó lè gùn, gbogbo ilé ló máa kó ẹrù padà.