Ta Ló Ni Orin Yín Gan-an?

Lẹ́nu iṣẹ́ títọ́jú ìwé ẹ̀tọ́ orin tí mò ń ṣe, ìbéèrè tí àwọn ọ̀dọ́ olórin máa ń bi mí jù ni pé: "Orin mi ń lọ dáadáa, àwọn èèyàn ń gbọ́ ọ, owó rẹ̀ dà?" Kí n tó dáhùn, èmi náà á bi wọ́n pé owó èwo: ti ọ̀rọ̀ àti ohùn orin náà ni, àbí ti èyí tí wọ́n ká sílẹ̀ ní sítúdíò? Ọ̀pọ̀ á ní ṣebí nǹkan kan náà ni. Rárá o, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Olórin tó dá dúró, tí kò sí lábẹ́ iléeṣẹ́ agbórinjáde kankan, tó sì ń fúnra rẹ̀ kọ orin rẹ̀ sílẹ̀, ni àìmọ̀ yìí máa ń dùn jù, torí pé òun ló ni méjèèjì, kò sì sí ẹni tó máa bá a lọ gba èyí tí kò bá béèrè.

Ohun ìní méjì ni òfin ka orin kan sí. Àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ orin àti ohùn tí a fi ń kọ ọ́. Ẹni tó ronú gbé e kalẹ̀ ló ni ín, ì báà jẹ́ ẹ̀yìn ìwé àlòkù ló kọ ọ́ sí. Èkejì ni orin tí wọ́n ká sílẹ̀, ìyẹn fáìlì tí àwọn èèyàn ń gbọ́. Ẹni tó náwó sí i, tàbí ẹni tí ìwé àdéhùn bá dárúkọ, ló sábà máa ń ni ìyẹn. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ wọn pàápàá kì í ṣe ọ̀kan náà. ISRC ni ti orin tí a ká, àpapọ̀ létà àti nọ́ńbà méjìlá. ISWC ni ti ọ̀rọ̀ àti ohùn, létà T ló sì máa ń bẹ̀rẹ̀. Iléeṣẹ́ tó ń bá yín gbé orin lọ sórí Spotify àti Apple Music lè fún yín ní ISRC. Ẹgbẹ́ tó ń gba owó ẹ̀tọ́ fún àwọn tó ń kọ orin sílẹ̀ ni yóò forúkọ orin yín sílẹ̀ kó tó lè ní ISWC. Bí ẹ kò bá wọ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, owó tó yẹ yín nígbà tí rádíò bá lo orin yín, tàbí tí wọ́n bá kọ ọ́ ní gbọ̀ngàn, kò mọ ilé yín. Nígbà tó bá pẹ́, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ a máa pín owó tí ẹnikẹ́ni kò wá gbà fún àwọn ẹlòmíràn.

Ìjà lórí owó orin ti pẹ́. Lọ́dún 1847, Ernest Bourget tó ń ṣe orin nílùú Paris jókòó sí ilé fàájì kan tí wọ́n ti ń fi orin rẹ̀ dá àwọn oníbàárà lára yá. Ó kọ̀, kò san owó ohun tó mu, ó ní bí wọn kò bá sanwó orin òun, òun náà kò ní sanwó. Ilé ẹjọ́ gbè é lẹ́yìn, èyí ló sì bí SACEM, ẹgbẹ́ agbowó ẹ̀tọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1851, tó wà títí dòní.

Bí ẹ bá fẹ́ rí bí níní ọ̀rọ̀ àti ohùn ṣe lágbára tó, ẹ wo Taylor Swift, olórin ará Amẹ́ríkà. Lọ́dún 2019, wọ́n ta iléeṣẹ́ tó ni orin tí ó ká sínú àwo mẹ́fà àkọ́kọ́ rẹ̀, inú rẹ̀ kò sì dùn sí i rárá. Ṣùgbọ́n òun ló kọ àwọn orin náà, nígbà mìíràn pẹ̀lú àwọn ẹlòmíràn. Nítorí náà, láti 2021, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn tó tún ká nínú wọn jáde, ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ rẹ̀ sì yí sí gbígbọ́ ti tuntun. Ní 2025 ló tó ra ti àtijọ́ padà. Ẹ fi sọ́kàn pé ìwé àdéhùn a máa sọ iye ọdún tí olórin kò gbọ́dọ̀ fi tún orin kan ká. Ẹ wá gbólóhùn yẹn kí ẹ tó bu ọwọ́ lùwé.

Níbi pínpín ẹ̀tọ́ orin láàárín àwọn tó jọ ṣe é ni mo ti fẹ́ kí ẹ fetí sílẹ̀ jù, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ ti ń di ọ̀tá. Ẹ wà ní sítúdíò, ẹ̀yin, ẹni tó ṣe bíìtì, àti ọ̀rẹ́ kan tó kàn bá yín wá. Ègbè kò wọlé. Ọ̀rẹ́ yẹn ju gbólóhùn kan sílẹ̀, gbogbo yín pariwo, òun lẹ sì fi ṣe ègbè. Ọ̀rẹ́ yẹn ti di ọ̀kan nínú àwọn tó ni orin náà nìyẹn. Ẹni tó ṣe bíìtì náà lè ní ìpín, torí ohùn tó fi dùùrù gbé kalẹ̀ wà nínú orin. Kí ẹ tó jáde níbẹ̀, ẹ mú bébà kan. Ẹ kọ orúkọ orin àti déètì. Ẹ kọ orúkọ kálukú bó ṣe wà nínú ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀, kì í ṣe orúkọ orí ìtàgé nìkan, ẹ kọ ohun tó ṣe, àti ìpín rẹ̀. Ẹ ro gbogbo ìpín pọ̀, kó pé 100 géérégé, kí kálukú sì fọwọ́ sí i. Mo ti rí orin tó gbajúmọ̀, tí ẹni méjì lọ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ pé òun ló ni 60 nínú 100. Ẹgbẹ́ agbowó dá owó náà dúró, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò rí i ná. Bíìtì tí ẹ rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì náà ní ìwé tirẹ̀: àwọn kan máa ń fi òpin sí iye ìgbà tí àwọn èèyàn lè gbọ́ orin náà, ẹni tó tà á fún yín sì lè tà á fún ẹlòmíràn.

Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn láti máa fi RAYE, olórin ará Gẹ̀ẹ́sì, ṣe àpẹẹrẹ olórin tó dá dúró. Ó kúrò lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ rẹ̀ ní 2021 lẹ́yìn tó ké síta pé wọn kò jẹ́ kí òun gbé àwo orin jáde. Ó dá dúró, àwo orin rẹ̀ jáde ní 2023, ó sì gba mẹ́fà nínú àmì ẹ̀yẹ BRIT, tí wọ́n ń fún àwọn olórin nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo ní 2024. Ohun tí wọ́n máa ń fò dá nínú ìtàn yìí ni pé ó ti wà lára àwọn tó ń kọ orin fún àwọn ẹlòmíràn, títí kan Beyoncé. Lójú tèmi, orin kíkọ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn ni iṣẹ́ tí ọ̀dọ́ olórin máa ń fojú kéré jù.

Ti Spotify kò gùn. Láti 2024, orin tí wọn kò bá tíì gbọ́ tó ìgbà 1,000 láàárín oṣù 12 kò ní mú owó wá níbẹ̀, èèyàn sì gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ tó ìṣẹ́jú àáyá 30 kí wọ́n tó kà á sí ìgbà kan. Ẹ fi orin tuntun han àwọn tó ń ṣètò àkójọ orin wọn, ó kéré tán, ọjọ́ méje ṣáájú kó tó jáde. Oṣù kan ni mo máa ń gbani nímọ̀ràn. Ẹ má ra olùgbọ́ èké láéláé, torí wọ́n lè yọ orin náà kúrò pátápátá.

Orin tí ẹ ti gbé jáde láìsí ìwé kankan ńkọ́? Ẹ pe àwọn tí ẹ jọ ṣe é nísinsìnyí tí àárín yín ṣì gún, kí owó ńlá tó dé. Ẹ jọ kọ ìpín sílẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ bá ẹgbẹ́ agbowó. Wọ́n máa ń gba orin àtijọ́, ṣùgbọ́n ó níbi tí wọ́n lè padà dé lórí owó tó ti kọjá, nítorí náà, ẹ má jẹ́ kó di ọdún tó ń bọ̀.