Keyer ò gba ọwọ́ yín sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ló ń kọ

Ẹni tó bá ń fi Morse, kóòdù tó ń fi ohùn kúkúrú (dọ́ọ̀tì) àti ohùn gígùn (dáàṣì) kọ álífábẹ́ẹ̀tì, ránṣẹ́ lórí rédíò mọ̀ pé kì í ṣe eré kéèyàn máa pe "CQ CQ CQ DE" (CQ ń pe ẹnikẹ́ni tó bá ń gbọ́, DE ni "látọ̀dọ̀") àti àmì ìdánimọ̀ ẹ̀, irú àwọn ti Nàìjíríà tó ń fi 5N bẹ̀rẹ̀, láìmọye ìgbà lójúmọ́, bíi kọ́ndọ́ Ìwó Road tó ń pe "Challenge, Challenge, Challenge" títí ọkọ̀ á fi kún. Torí ẹ̀ ni keyer, ẹ̀rọ kékeré tó ń bá yín ṣe dọ́ọ̀tì àti dáàṣì, ṣe ní mẹ́mórì, bọ́tìnì kan lẹ máa tẹ̀, á bá yín pè é. Ti paddle, ohun tẹ́ ẹ ń fi ìka tẹ̀, tó ń ṣe dọ́ọ̀tì lápá kan, dáàṣì lápá kejì, ẹ ti mọ ìyẹn, ẹ jẹ́ ká fò ó.

Ohun tó ń bíni nínú ni báwọn èèyàn ṣe ń sọ pé keyer ń gba ọwọ́ wọn sílẹ̀ bíi fọ́ìsì nóòtù WhatsApp. Rárá o. Ẹ rántí àwọn akọ̀wé tó máa ń bá àwọn àgbà kọ lẹ́tà láyé ọjọ́un. Màmá á jókòó síwájú ẹ̀, á ní kó bá òun kọ̀wé sọ́mọ òun l'Ékòó, á húkọ́, á dákẹ́, á nu ojú, á tún bẹ̀rẹ̀. Akọ̀wé ò ní kọ ikọ́ yẹn síwèé, ọ̀rọ̀ nìkan ló ń kọ, tí lẹ́tà bá sì dé Èkó, ẹni tó wù á kà á kíákíá, ẹni tó wù á kà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ yẹn náà ni.

Irú akọ̀wé yẹn ni keyer, níbi tó wá dùn sí ni bí akọ̀wé yìí ṣe ń mọ ibi tí ọ̀rọ̀ parí sí. Ìdákẹ́ nìkan ló ní. Nínú Morse, àlàfo àárín álífábẹ́ẹ̀tì méjì gùn tó dọ́ọ̀tì 3, ti àárín ọ̀rọ̀ méjì tó 7. Tí spíìdì bá wà ní ọ̀rọ̀ 20 ní ìṣẹ́jú kan, dọ́ọ̀tì kan jẹ́ 60 mílísẹ́kọ́ǹdù, á jẹ́ pé ìdákẹ́ tí ò tó ìdá kan nínú márùn-ún sẹ́kọ́ǹdù ló ń pààlà fún álífábẹ́ẹ̀tì. Ẹ kánjú láàárín D àti E, wọ́n á lẹ̀ pọ̀, B ni keyer máa kọ, torí dáàṣì kan pẹ̀lú dọ́ọ̀tì mẹ́ta ni B. Ẹ ronú díẹ̀ nínú C, á já sí méjì, N àti N, Q náà á di M àti A, "CQ" á wá di "NNMA". Bíi kéèyàn fẹ́ kọ Bámidélé kó lọ kọ "bá mi délé", ọ̀kan lorúkọ èèyàn, èkejì lẹ̀bẹ̀, akọ̀wé ò sì jẹ̀bi, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ló ṣe kọ ọ́.

Ìdí nìyẹn tó fi dáa kẹ́ ẹ yí spíìdì wálẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ sínú. Ní ọ̀rọ̀ 10, dọ́ọ̀tì ti di 120 mílísẹ́kọ́ǹdù, àlàfo fẹ̀ sí i, ọwọ́ á rọ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣe tán, ẹ gbé e padà sí 25, á lọ geere, torí kò tọ́jú àsìkò kankan, álífábẹ́ẹ̀tì ló tọ́jú. (Àwọn keyer kan ní irú kejì tó ń tọ́jú ìdákẹ́ bó ṣe rí gan-an, àmọ́ ti àkọ́kọ́ yìí ló lọ́gbọ́n nínú jù.) Álífábẹ́ẹ̀tì kan lè wọ inú báìtì kan péré, 0 fún dọ́ọ̀tì, 1 fún dáàṣì, pẹ̀lú 1 kan níwájú tó ń sọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Tó bá ti wọ EEPROM, mẹ́mórì tí kì í gbàgbé tí iná bá lọ, wọn ì bá à mú iná lọ fún ọ̀sẹ̀ kan, ibẹ̀ ló máa wà.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ fún ẹnì kan pé ẹ̀ ń gbọ́ ọ dáadáa, ìyẹn 599, ẹ má fi gbogbo ẹ̀ kọ 599, 5NN ni kẹ́ ẹ kọ, N ló ń dúró fún 9. Ẹ ka àwọn dọ́ọ̀tì àtàwọn àlàfo ẹ̀, 599 gba ìwọ̀n dọ́ọ̀tì 49, 5NN gba 25, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì, gbogbo ẹni tó ń gbọ́ ló sì mọ ohun tó túmọ̀ sí.

Ibi tó kù díẹ̀ káàtó ni pé ọ̀pọ̀ keyer kékeré ò ní skríìnì tẹ́ ẹ ti lè ka ohun tó kọ. Ohùn pípí yẹn nìkan ló máa fi kà á fún yín. Ẹ jẹ́ kó kà á látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ní spíìdì kékeré, kí rédíò tó gbé e jáde, torí B tó jókòó síbi tó yẹ kí DE wà, etí ló máa mú un.