Fóònù Abẹ́ Agboòrùn: Bó Ṣe Bẹ̀rẹ̀ àti Bó Ṣe Parí ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ìlú arìnrìn-àjò ni Ògbómọ̀ṣọ́. Kí fóònù tó di ohun tí aráàlú ń rí lò, àwọn ọmọ ìlú náà ti fọ́n ká Jọ́ọ̀sì, Kánò, Kùmásì, Tàmálè àti Abidjan nídìí òwò. Nígbà tí ìjọba Gánà ní kí àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú máa lọ ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló padà wálé lọ́wọ́ òfo. Lẹ́tà tí wọ́n fi rán awakọ̀, tàbí iṣẹ́ tí wọ́n rán ẹni tó ń bọ̀ wálé, ni ìyá fi ń mọ̀ pé ọmọ òun wà láàyè. Bí ìlú kan bá wà tó yẹ kí fóònù ìta, èyí tí aráàlú ń sanwó láti fi pe èèyàn, tètè dé, Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ó pẹ́ kó tó dé. Nígbà tó sì dé, àwọn obìnrin àti ọ̀dọ́ ló gbé e wá, kì í ṣe ìjọba.

Lókè òkun, ó ti wà tipẹ́. Ọdún 1889 ni William Gray gbé fóònù tó ń gba owó ẹyọ sínú báńkì kan ní Hartford, ní Amẹ́ríkà. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ̀ka ìjọba kan náà ló ń bójú tó lẹ́tà àti tẹlifóònù, títí wọ́n fi dá NITEL, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba, sílẹ̀ ní 1985. NITEL gbé fóònù olówó ẹyọ sí àwọn ìlú ńlá, ó sì tún gbé oníkáàdì síbẹ̀ nígbà tó yá. Ṣùgbọ́n bí ọdún 2000 ṣe ń wọlé, gbogbo ìlà tẹlifóònù tó wà ní Nàìjíríà kò pé ìdajì mílíọ̀nù, èèyàn tó wà nílẹ̀ yìí sì ti lé ní mílíọ̀nù 100.

Bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ló ń gba mẹ̀kúnnù sílẹ̀ nígbà náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tẹ̀wé, tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tókópì, tí fóònù onílà kan sì wà lórí tábìlì. Ẹni tó lọ́mọ lókè òkun á ti bá a ṣàdéhùn nínú lẹ́tà pé lọ́jọ́ báyìí, láago báyìí, kó pe nọ́ńbà ibẹ̀. Ìyá á múra bí ẹni tó ń lọ sóde ìgbéyàwó, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, á máa retí. Bí wáyà bá bàjẹ́ lọ́jọ́ náà, àfi kí wọ́n tún kọ lẹ́tà mìíràn.

Oṣù Kẹjọ ọdún 2001 ni ilé iṣẹ́ Econet (tó di Airtel nígbà tó yá) àti MTN bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìlà fóònù alágbèéká. Ìlà nìkan lé ní náírà 20,000, fóònù fúnra rẹ̀ ò sí nínú ẹ̀. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin ní kí ìjọba ìpínlẹ̀ san nígbà náà jẹ́ náírà 5,500. Ìṣẹ́jú kan, náírà 50. Ẹni tó bá rí i rà, àwọn aládùúgbò kò ní jẹ́ kó sinmi: ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi kí n fi pe ẹnì kan. Inú ẹ̀bẹ̀ yẹn ni iṣẹ́ náà ti jáde. Ẹni tó ní fóònù gbé tábìlì síta, ó ta agboòrùn lé e lórí, ó sì dá iye lé ìṣẹ́jú.

Ibí yìí ni ìtàn tiwa ti yàtọ̀, mi ò sì fẹ́ kí a fojú fò ó. Ní Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì, fóònù alágbèéká ló lé fóònù ìta kúrò nílẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, òun gan-an ló kọ́kọ́ di fóònù ìta.

Ohun èlò rẹ̀ kò pọ̀: tábìlì oníke, àga méjì, agboòrùn ńlá tó ní àwọ̀ ilé iṣẹ́ fóònù, pátákó tí wọ́n fi ọ̀dà kọ iye owó sí, ìwé àkọsílẹ̀, àti Nokia kékeré kan tí àwọn mìíràn ń fi okùn so mọ́ tábìlì nítorí olè. Ní Takie, ní Sábó, ní Under G níwájú yunifásítì LAUTECH, ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń pe bàbá wọn nítorí owó ilé ìwé, wọ́n tò lọ bẹẹrẹ. Onífóònù ló ń tẹ nọ́ńbà. Ó dìgbà tí ẹni tí wọ́n ń pè bá gbé e kó tó nà án sí oníbàárà. Bí ìṣẹ́jú kan bá fi ìṣẹ́jú àáyá méjì lé, ìṣẹ́jú méjì ni. Yorùbá tó máa ń kí bàbá, kí ìyá, kí ọmọ, kí ilé, kí ọ̀nà kó tó sọ ohun tó bá wá, wá ń gé ìkíni kúrú. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́, owó ti dé, ó dàbọ̀!" Ó ti parí nìyẹn.

Àwọn obìnrin tó jókòó síbẹ̀ ṣe ju títa ìṣẹ́jú lọ. Wọ́n ń gba ìpè fún ẹni tí kò sí nítòsí, wọ́n á rán ọmọdé kan lọ pè é wá. Ìyá arúgbó á mú ìwé pélébé wá: "Ọmọ mi, bá mi pe ẹ̀gbọ́n rẹ ní Jọ́ọ̀sì." Ìròyìn ikú, ìròyìn ìkómọ, ìjà tọkọtaya, etí wọn ni gbogbo rẹ̀ ń gbà kọjá. Iṣẹ́ ìlú ni mo ka iṣẹ́ wọn sí.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2003, Globacom wọlé, ó ń fi ìṣẹ́jú àáyá ka owó, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e. Onífóònù ń rà á ní ìṣẹ́jú àáyá, ó ń tà á ní odindi ìṣẹ́jú: èrè ńlá ni. Owó ìpè wálẹ̀ sí náírà 20, ó tún wálẹ̀ sí 10. Ṣùgbọ́n owó ìlà náà ń wálẹ̀, fóònù Ṣáínà dé, ẹni tó ń wá pe fóònù tẹ́lẹ̀ wá ń wá ra rìchájì káàdì. Nígbà tí ìforúkọsílẹ̀ ìlà fi bẹ̀rẹ̀ ní 2011, fóònù orí tábìlì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Nígbà tó yá, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó sórí fóònù látinú àkáǹtì wọn ní báńkì, káàdì náà ò tà mọ́. Lónìí, ẹ̀rọ POS ló wà lábẹ́ irú agboòrùn bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ 23 oṣù Karùn-ún ọdún 2022, New York yọ fóònù ìta tó kẹ́yìn nínú àwọn tó jẹ́ ti ìlú náà, àwọn oníròyìn péjọ síbẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Agboòrùn kan lẹ́yìn èkejì ni tiwa fi lọ. Inú mi á dùn bí LAUTECH, tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ jẹ nínú iṣẹ́ yìí jù, bá lè fún un ní igun yàrá kan: pátákó kan, ìwé àkọsílẹ̀ kan, Nokia kan pẹ̀lú okùn rẹ̀, àti ohùn àwọn obìnrin náà tí a gbà sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì wà láti sọ ọ́.