Òkúta tí inú rẹ̀ ń dán: ṣé ó wà nílẹ̀ Ìlọrin?

Fídíò kan ń ti orí fóònù kan bọ́ sí òmíràn ní Ìlọrin. Wọ́n la òkúta dúdú rọ̀bọ̀tọ̀ kan, inú rẹ̀ kún fún kírísítà elésè àlùkò. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé òun lòun ti hú u. Ni ìbéèrè bá ń wọlé.

Ṣé òkúta gidi ni?

Ó jọ ọ́. Ẹ̀yìnkùlé yẹn ni n kò gbà.

Ta ló kó kírísítà sínú òkúta?

Omi ni. Tí òkè ayọnáyèéfín bá bú, àpáta yíyọ́ á ṣàn jáde tòun ti afẹ́fẹ́ inú rẹ̀. Bó ṣe ń tutù, ó ń dì yí afẹ́fẹ́ náà ká, ihò á wá kún inú rẹ̀ bíi ti búrẹ́dì. Ihò lásán nìyẹn o, kò tíì sí ẹwà kankan. Omi tó ń gba inú àpáta kọjá ló ń gbé sílíkà (ohun tó pọ̀ nínú iyanrìn) tó ti yọ́ wá, tó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ihò díẹ̀díẹ̀, bí nǹkan funfun ṣe ń lẹ̀ mọ́ inú kẹ́tù tí a fi ń se omi kànga. Bí àyè bá ṣẹ́ kù láàárín, kírísítà á máa hù síbẹ̀ ṣóńṣó ṣóńṣó. Irin díẹ̀ tó wọ̀ ọ́, pẹ̀lú ìtànṣán tí àpáta fúnra rẹ̀ ń tú jáde, ló ń sọ ọ́ di elésè àlùkò. Amẹ́tíìsì nìyẹn, ìyẹn kúọ́tìsì (kírísítà sílíkà) tó ní àwọ̀ elésè àlùkò. Artigas ní Uruguay àti Rio Grande do Sul ní Bràsíl ni púpọ̀ nínú èyí tó wà lọ́jà ti ń wá, àpáta ibẹ̀ sì ti lé ní mílíọ̀nù 130 ọdún. Ní Maharashtra ní Íńdíà, zeolite, ohun àlùmọ́nì mìíràn, ló sábà máa ń kún irú ihò bẹ́ẹ̀.

Kí ló dé tí kò fi lè jẹ́ ẹ̀yìnkùlé wa?

Oríṣi àpáta líle méjì, gíránáìtì àti nááìsì, ló pọ̀ jù nídìí ilẹ̀ wa, láti Ìlọrin títí dé Òmù-Àrán. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún ni gíránáìtì ti dì, níbi tí ìwúwo àpáta orí rẹ̀ kò ti jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wú. Ká ní ihò ló kún inú òkúta tí wọ́n ń lọ irin lórí rẹ̀, bóyá orúkọ mìíràn ni ìlú wa ì bá máa jẹ́. Kúọ́tìsì funfun wà níbí lóòótọ́, àmọ́ inú ojú àpáta tó là ló ń hù sí.

Mo ti ra ọ̀kan ńkọ́?

Ẹ fi ha ìgò: kúọ́tìsì á ha á. Èyí tó pọ́n bí ọsàn, tí wọ́n ń pè ní citrine, amẹ́tíìsì tí wọ́n yan nínú iná ni ọ̀pọ̀ rẹ̀.

Ṣé ó léwu nínú ilé?

Rárá. Oòrùn ló ń ṣá a, ẹ gbé e kúrò lójú fèrèsé. Fífọ́ ọ ló léwu: èérún rẹ̀ ń fọ́ni lójú, eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Ṣé kí n gbẹ́ ilẹ̀ mi wò?

Lábẹ́ òfin ìwakùsà ọdún 2007, ìjọba àpapọ̀ ló ni ohun àlùmọ́nì, ì báà jẹ́ ilẹ̀ baba yín ló wà. Ẹni tó bá sì ń ta ibi ìwakùsà fún yín lórí fóònù, ẹ ní kó kọ́kọ́ fi ìwé àṣẹ hàn yín.